Adérìnsọ́lá àti Ọkùnrin Orí Omi

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ kọ́kọ́ fẹ́ dáadáa lọ́dún náà ni Adérìnsọ́lá rí ọkùnrin kan tó ń jó lórí adágún tó wà lẹ́yìn Ìlogbò. Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Ọkùnrin náà dúró lórí pákó gígùn kan, ó di ìgbòkun pupa mú, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sáàárín omi. Ó fi ẹsẹ̀ gbé ẹ̀gbẹ́ kan pákó náà sókè, pákó fẹ̀gbẹ́ dúró, òun náà sì dúró lé etí rẹ̀ tín-ín-rín.

Adérìnsọ́lá gbàgbé pé ẹja lòun wá rà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ènìyàn ni yín?” ló kígbe nígbà tó sún mọ́ etí omi.

“Kí lẹ rò pé mo jẹ́?”

“Mi ò tíì mọ̀.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Kọ̀yà lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlogbò ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń kọ́ àwọn àlejò ní wíńdísọ́ọ̀fù, eré pákó oníìgbòkun yìí, létí òkun ní Sẹ̀nẹ̀gà, kó tó padà wálé wá máa ro oko kòkó bàbá rẹ̀ tó ti kú.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni Adérìnsọ́lá, tó jẹ́ tíṣà ní Aramọkọ, ń gun ọ̀kadà wá sí adágún. Kọ̀yà kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń ṣubú, bí wọ́n ṣe ń yí ìgbòkun po lọ́wọ́.

“Báyìí ni wọ́n ń ṣe é láyé àtijọ́,” Kọ̀yà sọ. “Pákó gùn, ó wúwo, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti tó. Ẹwà ni wọ́n ń wá. Nígbà tó yá, wọ́n dín gígùn pákó kù, ó fúyẹ́, làwọn ọ̀dọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Pákó á kúrò lómi, á yí po lókè, wọ́n á balẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀yìn yọ̀ lọ.”

“Bọ̀dá Kọ̀yà, ẹ kọ́ mi ní ti fífò yẹn.”

“Rárá.”

Ojú Kọ̀yà yí padà bí ẹni tí wọ́n bú. Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ Adérìnsọ́lá lójú. Ṣé ó rò pé òun ò lè ṣe é ni? Kò mọ ìgbà tó dẹ́kun pípe ọkùnrin náà ní Bọ̀dá. Kò sì mọ ìdí tí inú fi ń bí òun nígbà tí kò bá pe òun lórí fóònù.

Bàbá rẹ̀, Alàgbà Jacob ti ìjọ CAC, ránṣẹ́ pe Kọ̀yà.

“Wọ́n ní ò ń mú ọmọ mi gun pákó.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Níbo ni pákó náà ń lọ?”

“Kò lọ síbì kankan, sà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ ni.”

“Ìwọ náà ńkọ́? Níbo lò ń lọ?”

“Mi ò tíì mọ̀, sà,” ni Kọ̀yà dáhùn. Lọ́sẹ̀ náà gan-an làwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà ní kó padà wá síṣẹ́. Kò mọ̀ bóyá kóun lọ tàbí kóun dúró.

“Tó o bá mọ̀,” ni alàgbà wí, “kó o wá sílé mi.”

Sátidé méjì kọjá, Kọ̀yà ò yọjú. Ní ẹ̀kẹta, Adérìnsọ́lá fi ìbínú ṣí tápólì kúrò lórí pákó kékeré kan tí Kọ̀yà fi pamọ́ sétí adágún, tí kì í gùn, ó gbé e sómi. Kọ̀yà ń ti oko bọ̀ nígbà tó rí i tó fi pákó náà fò sókè. Pákó yí, Adérìnsọ́lá ṣubú, ìgbòkun bò ó. Tòun taṣọ oko ni Kọ̀yà sáré wọnú omi. Kó tó débẹ̀, Adérìnsọ́lá ti yọ lódìkejì, ó ń tu omi lẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kọ̀yà ò rẹ́rìn-ín. Omijé ń dà lójú rẹ̀.

“Kí ló dé? Èmi ni mo ṣubú, ìwọ lò ń sunkún.”

“Fífò yẹn ló ba orúnkún mi jẹ́. Odindi ọdún kan ni mi ò fi rìn dáadáa. Nígbà tí mo padà sétí òkun, gbogbo ènìyàn ń wo àwọn ọmọ tó ń fò, kò sẹ́ni tó ń wo tèmi mọ́. Ìtìjú ló lé mi wálé, Adérìnsọ́lá. Wọ́n tún ní kí n padà wá. Bí mo bá sì ti wò ọ́, gbogbo rẹ̀ á tún dàrú mọ́ mi lójú.”

“Èmi náà ò mọ̀ bóyá ìwọ ni mò ń wá wò, tàbí omi.” Ó fún omi kúrò létí aṣọ rẹ̀. “Àmọ́ Sátidé méjì tó ò wá, omi wà níbẹ̀. Mi ò wò ó.”

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, Kọ̀yà dọ̀bálẹ̀ níwájú alàgbà. Ó ní òun ti kọ̀ fáwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà, oko kòkó lòun máa ro, Adérìnsọ́lá lòun sì fẹ́ fẹ́. Alàgbà kọjú sí ọmọ rẹ̀.

“Ṣé o fẹ́ ẹ?”

“Mo fẹ́ ẹ, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí.”

Alàgbà bú sẹ́rìn-ín. “Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó wa, ìyá rẹ ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn pé irú ọkùnrin wo lòun fẹ́ lọ fẹ́ yìí.” Ó fi ìgbéyàwó sí ẹ̀yìn Àjíǹde.

Nígbà tí wọ́n jáde sójú títì, Kọ̀yà rọra bi í pé, “Ṣó dá ẹ lójú?”

“Kò dá mi lójú,” ni Adérìnsọ́lá dáhùn. “Àmọ́ mo ti ní mo fẹ́ ẹ, mi ò sì ní yí i padà.”

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú níṣojú gbogbo àwọn tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, wọ́n sì jọ ń rìn lọ.