Ọwọ́ Tó Kọ́kọ́ Délé

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní àlọ́, ẹnu rẹ̀ ló ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, kì í sì í purọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí ni. Ọlọ́wọ́-òsì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin máa ń pè é, nítorí ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe ohun gbogbo. Ilé-ìwé ló rán an lọ sí ilé ìwòsàn kan lókè òkun kó lọ kọ́ṣẹ́. Ó yẹ kó ti padà sílé tipẹ́, àmọ́ àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní òṣìṣẹ́ kò tó, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì dúró ná. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n pè é. Ẹ̀kọ́ tí èèyàn ń fọ bẹ́ẹ̀dì láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí kò rí ẹni kí i pé o kú iṣẹ́.

Èyí kọ́ ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Oyún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pé oṣù. Ọmọ tó ṣáájú, orí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí i sí, kò sí ẹni tó gbà á. Ọmọ náà kò sunkún rárá. Àwọn agbẹ̀bí tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti lọ sókè òkun tán, wọ́n lọ ń gba ọmọ ọlọ́mọ.

"Tèmi yìí, ìwọ lo máa gbà á," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí lọ́jọ́ tó ń lọ. "N ò fẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì. Ọwọ́ òsì yẹn gan-an ni mo fẹ́."

"Màá ti dé kó tó di ìgbà yẹn, Àǹtí."

"Tí o ò bá dé ńkọ́?"

"Màá dé."

Ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ máa parí pé. Ọ̀sán ni. Ìkùukùu bo fèrèsé. Yàrá ìbímọ ṣófo, gbogbo bẹ́ẹ̀dì ló wọ aṣọ funfun, kò sí aboyún kan. Agogo ara ògiri ń dún ko, ko, ko. Àgbà agbẹ̀bí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mu tíì.

"Ara ẹ ti wà nílé," ó ní. "Ẹsẹ̀ ẹ nìkan ló kù níbí."

"Ẹsẹ̀ ọ̀hún náà ti wú, mà."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́wọ́-òsì lọ fọwọ́. Ó ṣí ẹ̀rọ omi. Omi ń dà, àmọ́ kò gbọ́ ìró rẹ̀. Ó tẹ́tí. Agogo kò dún mọ́. Kò sí ohun tó dún.

Òórùn ló kọ́kọ́ dé. Òórùn ìbímọ, bí irin tí òjò pa. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan ń mí lẹ́bàá etí rẹ̀. Èémí obìnrin tó ń rọbí. Ó mọ èémí náà. Láti kékeré ló ti ń sùn tì í lórí ẹní kan náà.

Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ má tíì fagbára sí i," ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́. "Ẹ mí. Ẹ mí, Àǹtí. Ó yá."

Ohun kan tó wúwo, tó gbóná, tó ń yọ̀, bọ́ sí i lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju omi lọ.

Agogo tún dún. Omi tún hó. Ẹ̀jẹ̀ sì bo ọwọ́ òsì rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́.

"Ta ló bímọ?" Àgbà agbẹ̀bí ti dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó bímọ, mà."

"O gé ara ẹ?"

"Rárá."

Ìyá náà gbé ọwọ́ ọ̀hún sókè, ó gbóòórùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

Ọlọ́wọ́-òsì fi ọwọ́ ọ̀tún fa fóònù yọ, ó pe ilé.

"Kí lo tún ń pè mí fún?" Ó ti rẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín wà lóhùn rẹ̀. "Ṣé o ò lè yọjú wọlé wá sọ ọ́ ni? Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà lo ṣáà wà."

"Àǹtí, òkè òkun ni mo wà. N ò tíì kúrò."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre. Ìwọ tí o wọlé láìkan ilẹ̀kùn, tí o gba ọmọ mi. Obìnrin ni. Ó ti ń ké kí ẹsẹ̀ ẹ̀ tó jáde tán."

"Ọmọ ọ̀hún dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ ẹ. O ní o fẹ́ lọ wẹ̀ ẹ́."

Ìkókó kan ké lọ́hùn-ún. Ẹnìkan ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Ibi ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ti jáde?"

"Kò tíì jáde. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń bọ̀. O ní kí n má mira, pé o ń bọ̀."

Ilẹ̀kùn kan han. Ohùn kan sọ̀rọ̀ nínú yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohùn Ọlọ́wọ́-òsì gan-an: "Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀, Àǹtí?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé fóònù mọ́ ẹnu. "Ó ti wọlé," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí n sọ fún un pé ta ni?"

Orúkọ ara rẹ̀ dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀, kò sì sí agbẹ̀bí mìíràn ní gbogbo àdúgbò yẹn.

"Ẹ ní àṣìpè ni," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó parí iṣẹ́ ẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

Ó pa fóònù.

Àgbà agbẹ̀bí fi aṣọ ìnuwọ́ lé e léjìká. "Iṣẹ́ ẹ ti parí," ó ní. "Máa lọ sílé."

Báàgì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkàn rẹ̀ ń fà sílé bí ẹni tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn. Kò gbé báàgì náà. Àyè rẹ̀ nílé, ẹnìkan ti wà níbẹ̀.