Ẹsẹ̀ Iwájú Jíìpù Adétutù

Orí ewúrẹ́ ni Mahfuz kọ́kọ́ rí. Ó yọ jáde lójú fèrèsé jíìpù kan tí ẹrẹ̀ ti bò dé òrùlé, ó ń wo àwọn ará Olódò bí ìyàwó olóyè tó ń kọjá lọ. Jíìpù náà ga fíofío, ṣùgbọ́n bó ti ń bọ̀ ni iwájú rẹ̀ ń fò gbàgà-gbàgà, tó ń yà sọ́tùn-ún, tó ń yà sósì, bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Mahfuz. Obìnrin kan fò sílẹ̀ láti ìdí sítíárìn, ó wọ bàtà òjò dé orúnkún, ewé àgbàdo gbígbẹ kan sì há sínú irun rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ máa ń jó irin?"

"Èmi ni, mà. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni oníbàárà mi?"

Obìnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó rí ewúrẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Èyí ti gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Jíìpù ló kù."

Adétutù ni orúkọ rẹ̀, dókítà ẹran ni. Lálúpọn ló ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀, àwọn abà tí ọ̀nà ọlọ́dà kò dé ló sì ti ń ṣiṣẹ́, níbi tó jẹ́ pé bí màlúù bá rọbí tí kò rí i bí, òun nìkan ni wọ́n ní.

Mahfuz wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó ní kí Adétutù náà bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Àwọn tó fi sípíríǹgì gígùn gbé ọkọ̀ yìí sókè, gíga nìkan ni wọ́n rò. Ẹ wo aámù yìí, apá irin tó di táyà iwájú mú. Ọkọ̀ ti lọ sókè, ibi tí wọ́n so aámù mọ́ lára ṣáásí, egungun ọkọ̀, ò kúrò níbi tó wà látijọ́. Ó wá fì sísàlẹ̀ bí àkàbà tí wọ́n gbé ti ògiri. Bí táyà bá ti kọ lu òkúta, dípò kó gbà á mọ́ra, ńṣe ló ń tì í padà. Irin tó dì í mú sì ti ń sán."

"Kí wá ni ṣíṣe?"

"Màá gé ibi ìsopọ̀ yẹn kúrò, màá fi irin tó nípọn ṣe òmíràn tó máa wálẹ̀ díẹ̀, kí aámù lè nà tọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú o. Bí ọ̀tún bá fi bíńtín yàtọ̀ sí òsì, ọkọ̀ á máa fà yín wọ igbó."

"Ṣebí inú igbó náà ni mò ń lọ."

Ẹ̀rín pa Mahfuz. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó ṣe é bíi pé ó ti pẹ́ tí òun ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Ẹgbẹ́dá ló ń gbé, nínú agbo ilé bàbá rẹ̀ tó kún fọ́fọ́ nígbà kan rí. Ikú ti mú àwọn àgbà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti tú ká, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan ní Líbíà, ọ̀kan ní Kánádà, ọjọ́ Iléyá nìkan ló kù tí wọ́n ń pè é. Bó bá kírun ìrọ̀lẹ́ tán, á tan rédíò. Kì í ṣe pé ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó kàn fẹ́ kí èèyàn máa sọ̀rọ̀ nínú ilé ni.

Adétutù bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó máa ń bá a di orí téèpù mú bó bá ń wọn irin, á máa sọ ìtàn àgbò tó gbá a ṣubú sínú àgbàrá, Mahfuz á rẹ́rìn-ín títí gègé tó fi ń sàmì á já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ yéé pè mí ní mà," ló sọ lọ́jọ́ kan. "Mi ò ju yín lọ."

"Kí ni kí n máa wá pè yín?"

"Àbẹ̀kẹ́ ni ìyá mi ń kì mí. Látìgbà tí wọ́n ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Àbẹ̀kẹ́," Mahfuz wí jẹ́jẹ́.

Adétutù yíjú sí títì, kò sì tètè yí i padà. Láti ọjọ́ yẹn, "o" ni wọ́n ń pe ara wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, jíìpù dúró lórí ìtì igi, aámù méjèèjì wà nílẹ̀, bàbá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ dé ọrùn. Jacob ni, bàbá Adétutù, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Mahfuz dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Ọmọ mi ń pe orúkọ rẹ nídìí oúnjẹ," bàbá wí. "Mo mọ ibi tí irú ìyẹn ń lọ. Mùsùlùmí ni ẹ́, bàbá ìjọ Áńgílíkà lèmi. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Àmọ́ ohun kan ń bà mí lẹ́rù jù ú lọ." Ó nawọ́ sí jíìpù. "Ìyá rẹ̀ ti lọ. Òun nìkan ló kù fún mi. Bó bá ti jáde láàárọ̀, ojú ọ̀nà ni mo máa ń wò títí á fi dé. Sọ fún un pé ọkọ̀ yìí ti kọjá àtúnṣe. Bó bá jókòó sílé, mi ò ní dí yín lọ́wọ́. Èmi gan-an ni màá ṣílẹ̀kùn fún ọ."

Mahfuz wo jíìpù náà. Gbólóhùn kan péré ni bàbá fẹ́ kó sọ, kò sì sẹ́ni tó máa jà á níyàn. Ó rí i bí Adétutù ṣe máa jókòó nínú ilé rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá, tí rédíò á dákẹ́. Ṣùgbọ́n bó ti ń wò ó lọ́kàn, ó rí i pé obìnrin tó jókòó síbẹ̀ ń wo ojú fèrèsé, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ forí jì mí, bàbá. Irọ́ ni màá fi fẹ́ ọmọ yín nìyẹn. Ọkọ̀ yìí ṣeé tún ṣe. Ohun tí mo lè ṣe fún yín ni kí n ṣe é débi tí ọkàn yín á fi balẹ̀."

"Kò ní balẹ̀," bàbá wí. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Mahfuz ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni ń kọ́lé. Ó jó irin tuntun náà mọ́ ṣáásí lẹ́sẹẹsẹ, ó wọ̀n ọ́n, ó tún wọ̀n ọ́n, ó fi irin mìíràn gbè é lẹ́yìn. Ó gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó tó fún àwọn bóòtì aámù pa, kí rọ́bà inú aámù má bàa lọ́. Lẹ́yìn náà ló wà á fúnra rẹ̀ gba ojú ọ̀nà odò tó burú jù lọ, ó sì padà wá yẹ gbogbo ojú ibi tó jó wò.

Adétutù wá gbà á. Ó wà á yí ká, ó padà dé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ó ń lọ gééré! Ọwọ́ kan ni mo fi dì í mú!"

Ó dúró, ó ń retí pé Mahfuz máa sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu Mahfuz. Ṣùgbọ́n bàbá ti fi ibi tí òun dúró hàn, Mahfuz ò sì fẹ́ gbé ìjà wọ ilé ẹlẹ́ni méjì.

"Ẹ máa rọra wà á o," ló wí.

Adétutù gbọ́ "ẹ" yẹn. Ẹ̀rín rẹ̀ wọlẹ̀. Ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Ìgbà yẹn ni Mahfuz mọ ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ọkọ̀ tí kò bá bàjẹ́ kì í padà sí ṣọ́ọ̀bù. Òjò àkọ́rọ̀ dé, àgbàdo gbó, wọ́n wa iṣu tuntun. Bó bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì gíga lójú títì, á gbójú sókè, á tún gbé e wálẹ̀. Ó gbàdúrà pé kí irin òun má já láé, ó sì mọ̀ pé àdúrà tó ń mú òun dá wà ni òun ń gbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, jíìpù náà dúró. Adétutù sọ̀ kalẹ̀ láìkí i.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi? Ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ, lánàá!"

"Bàbá ẹ ni, Àbẹ̀kẹ́. Ṣé kí n dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹni méjì tí kò ní ẹlòmíràn?"

"O wá jẹ́ kí n rò pé o ò fẹ́ràn mi! Inú ọkọ̀ yìí ni mo máa ń jókòó sí nínú ọgbà wa, láìtanná sí i, kí n tó lè wọlé lọ jẹun." Omijé dá a lẹ́nu dúró.

Ilẹ̀kùn kejì ṣí. Bàbá Jacob ló rọra sọ̀ kalẹ̀.

"Mo bá a lọ sí abà lánàá," ni bàbá wí. "A dé ibi tí àgbàrá ti gbẹ́ ọ̀nà, mo dijú, mo ní ó ti tán. Nígbà tí mo lajú, a ti kọjá. Mo rí ìyá kan tó kúnlẹ̀ fún ọmọ mi nítorí màlúù tó yè. Ọmọ mi ni, n ò sì mọ̀ ọ́n." Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa kó tó tún sọ̀rọ̀. "Mo ti na ọmọ ilé-ìwé púpọ̀ torí irọ́. Èmi ni mo wá bẹ̀ ọ́ pé kó o purọ́."

"Ẹ̀sìn wá ńkọ́, sà?"

"Máa kírun tìẹ, kó máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Ẹni tó kọ̀ láti fi irọ́ gba ohun tó wù ú, mi ò bẹ̀rù ìrun rẹ̀."

Mahfuz yíjú sí Adétutù. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Pẹ̀lú ọwọ́ tó dọ̀tí báyìí?" Ó nu ojú rẹ̀, ó sì di ọwọ́ náà mú. "Màá fẹ́ ọ."

Kọ́ọ̀tù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, lẹ́yìn ìkórè. Àlùfáà ìjọ gbàdúrà, Ààfáà náà gbàdúrà, wọ́n sì jẹun ní Lálúpọn títí àlejò fi tú ká. Nígbà tí tọkọtaya jókòó sínú jíìpù láti máa lọ sí Ẹgbẹ́dá, bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́.

Mahfuz wà á lọ díẹ̀. Ó wo dígí ẹ̀gbẹ́. Bàbá ti sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ń ṣa àga tí àwọn àlejò jókòó lé jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn wọlé, kò sẹ́ni tó bá a gbé wọn.

Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún Mahfuz. Ó tẹ búréèkì.

"Kí ló dé?" Adétutù bi í.

"Jẹ́ ká padà. Ká sùn síbí lálẹ́ òní."

Adétutù wo dígí. "Ọ̀la ńkọ́?"

"Tí ọ̀la bá dé, a ó bi bàbá bóyá wọ́n fẹ́ ká lọ."

Ó yí ọkọ̀ padà.