Ife Kẹta Nílé Jethro

Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín sí àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé. Ohun tí Rẹ̀mílẹ́kún aránṣọ kọ́kọ́ rí lójú fèrèsé nìyẹn, ní Àyèká, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Sùtánà funfun tí Mildred, ìyá tó ni ilé náà, ní kó bá òun rán ló gbé lọ́wọ́. Ikú kò jẹ́ kí màmá wá gbà á.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá," ni ọkùnrin náà wí, ó sì da tíì sínú ife tó wà níwájú àga náà.

Ó yẹ kí Rẹ̀mílẹ́kún sá. Àmọ́ ọkùnrin náà gbójú sókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbàgbé ọ̀nà ilé.

Jethro ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Mildred bí, tó lọ ṣiṣẹ́ nínú oko tíì ní Jàpáànù. Ìyá rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí lórí fóònù pé kó mú tíì yẹn bọ̀ kí òun tọ́ ọ wò. Wọ́n ti sin ín kí Jethro tó dé.

Ó pe àlejò rẹ̀ wọlé, ó bu tíì fún un. Rẹ̀mílẹ́kún wò yíká. "Mílíìkì ńkọ́? Ṣúgà dà?"

"Aránṣọ, sùúrù ni ṣúgà rẹ̀. Omi tó ń hó kì í kàn án, ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́ la sì ń gbé e mì."

"Ó mà korò o! Ṣé àgbo ni?"

"Dúró ná."

Ó dúró. Kíkorò náà lọ, adùn kan sì rọra padà wá láti ọ̀fun rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ bá bọ́ sórí ife ìyá. Ó ti gbẹ, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn," ni Jethro wí jẹ́ẹ́.

Ẹ̀rù ba Rẹ̀mílẹ́kún, síbẹ̀ ó tún ń padà lọ síbẹ̀. Ìfẹ́ kì í gbọ́ ìkìlọ̀. Ó kọ́ láti mọ tíì tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńṣà, tó ń ta sánsán bíi koríko tútù, ó mọ èyí tí wọ́n yan, tó jọ òórùn àgbàdo sísun. Nígbà tí Jethro ní òun fẹ́ fi í ṣaya, àga tó ṣófo náà dún kẹ̀ẹ̀.

Susan, ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, kọ̀ jálẹ̀. "Ọmọ mi ò ní í bá òkú du ọkọ!" Ó mú agogo àdúrà, ó ń lù ú, ó gbéra láìwọ bàtà láti lọ fọ́ àwọn ife náà nílé Jethro, Rẹ̀mílẹ́kún sì tẹ̀ lé e.

Jethro dọ̀bálẹ̀ fún un. "Mà, ẹ kọ́kọ́ tọ́ eléyìí wò. Òun ló dára jù. Gíyókúrò ni wọ́n ń pè é."

Agogo dákẹ́. "Yóò kúrò? Ta ni yóò kúrò?"

"Orúkọ tíì ni, mà."

Àga náà dún. Susan wò ó pẹ́. Òun àti Mildred ni wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Jethro, kí lo máa ń sọ tó o bá gbé ife Mildred kalẹ̀?"

"Mo máa ń ní, ẹ káàbọ̀, Ìyá."

"Họ́wù! Ojoojúmọ́ lò ń kí i káàbọ̀. Ìgbà wo lo kí i pé ó dàárọ̀?"

Jethro yíjú sí àga náà. Tó bá sọ ọ́, ìyá rẹ̀ lọ nìyẹn. Tí kò bá sọ ọ́, Rẹ̀mílẹ́kún kì í ṣe tirẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún kò bẹ̀ ẹ́. Ó tẹ́ sùtánà náà sórí àga, bí ẹni ń wọṣọ fún ìyá ọkọ. Èjìká aṣọ náà gbéra sókè, ó kún.

Omijé bọ́ lójú Jethro. "Ó dàárọ̀, Ìyá. Ẹ sùn re o."

Èjìká sùtánà náà rọra wálẹ̀. Wọ́n dúró títí. Tíì inú ife ìyá tutù, kò dín.

Susan gbé tirẹ̀, ó mu, ó fajú ro. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ tú ká. "Hẹn-ẹn. Ó ń dùn bọ̀." Ó mú agogo rẹ̀, ó dìde. "Kí àwọn ẹbí rẹ wá rí wa."

Jethro gbé ife kẹta, ti ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Rẹ̀mílẹ́kún.

"Káàbọ̀, ìyàwó mi."

Rẹ̀mílẹ́kún mu ún ní tútù bẹ́ẹ̀, títí ife náà fi gbẹ.