Ohùn Tó Ń Pè Wá Jẹun ní Issaba

Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ohùn náà kọ́kọ́ pe Pacôme pé kó wá jẹun. Agogo mẹ́sàn-án kì í ṣe àkókò oúnjẹ níbi iṣẹ́ wa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, a kò ní alásè kankan ní Issaba. Oníkálukú ló ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá láti ilé.

Pacôme wà nínú kànga tí à ń gbẹ́, ó ti jìn tó ìdúró ènìyàn méjì. Èmi tí mo jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ dúró lẹ́bàá òkìtì yanrìn. Mo rí i tó ń gun àkàbà bọ̀ lókè, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì.

"Ọ̀gá Hospice, ta ló pè mí?"

"Ẹnikẹ́ni ò pè ọ́."

"Obìnrin kan pè mí. Ó ní, 'Àjàní, oúnjẹ ń tutù o.'"

Kí n tó fún un lésì, ilẹ̀ mì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, bí ìgbà tí ẹni tó sùn bá yí ẹ̀gbẹ́ padà. Nígbà tí a ó fi bojú wo ẹ̀yìn, kò sí kànga mọ́. Ilẹ̀ dúdú Issaba, tó máa ń lanu lẹ́ẹ̀rùn tó sì máa ń wú bí òjò bá rọ̀, ti ya lulẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Orí àkàbà nìkan ló yọ síta.

Pacôme jókòó sórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ tó ya ló bà mí lẹ́rù jù. Pacôme ni gbogbo wa ń pè é. Ẹnu obìnrin kan ṣoṣo ni mo ti gbọ́ Àjàní rí níbi iṣẹ́, obìnrin náà kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Màmá Mọ́rìnọ́lá ni à ń pè é. Ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé Ṣóbándé tí à ń bá ṣiṣẹ́ ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bàbá Ṣóbándé, tó jẹ́ bàbá àgbà fún Augustin ọ̀gá wa, ló dá a sílẹ̀ ní Sakété pẹ̀lú ọmọlanke kan àti ọ̀mọlé mẹ́ta. Láti Sakété dé Pobè, ilé ẹ̀kọ́ ni, afárá ni, ọjà ni, ọwọ́ wọn wà níbẹ̀. Wọn kì í sì í kúrò níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ láìfi nǹkan kan ta àwọn ará ibẹ̀ lọ́rẹ. Ilé ìgbẹ̀bí ni iṣẹ́ tí a gbà ní Issaba. Kànga yẹn ni ẹ̀bùn wa.

Ọkọ Màmá wà lára ọ̀mọlé mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó já láti orí ilé lọ́jọ́ kan, kò sì dìde mọ́. Láyé ìgbà náà, kò sí akoto tí à ń dé sórí, kò sí ìgbànú tí à ń fi so ara mọ́ òkè. Bàbá Ṣóbándé ní kí opó náà wá máa dáná fún àwọn òṣìṣẹ́, ó sì dáná fún wa fún ọdún mọ́kànlélógójì. Àtàsí rẹ̀, ìrẹsì àti ẹ̀wà tó sè pọ̀ tó fi ata díndín bò lórí, ẹni tó bá jẹ ẹ́ kò ní fẹ́ relé lọ jẹ ti ìyàwó. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ìkòkò, òkè ni ojú rẹ̀ wà. Bó bá rí ọ lórí ògiri láìde ìgbànú, á na orógùn sí ọ láti ìsàlẹ̀, á pè ọ́ kalẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí kò bá dé akoto, kò sí oúnjẹ fún un.

Oríkì ló fi ń pè wá. Lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ dé, á bi ọ́ pé, "Kí ni ìyá rẹ ń pè ọ́ nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn sí ọ?" Ìyá mi kú nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, n kò rí nǹkan kan sọ. Ó wò mí títí, ó ní, "Ó dáa. Àlàó ni ọ́ láti òní lọ."

Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún yìí ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Lydie, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gbé e lọ sílé rẹ̀ ní Sakété, ibẹ̀ ló sì dùbúlẹ̀ sí láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

N kò sọ ohun tí mò ń rò fún àwọn òṣìṣẹ́. Bàbá Ọdẹ́wálé ló kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ìdílé bàbá náà ló yọ̀ǹda ilẹ̀ tí à ń kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí. Ó dé lọ́jọ́ kejì, ó pè wá jọ, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí igi gbọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ohùn tí ẹ kò bá rí ẹni tó ni ín, ẹ má ṣe jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ, ó ti fi ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́."

Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nílé náà nìyẹn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì gbà.

Lọ́jọ́bọ̀, Uriel, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọlé wa, ń mọ ògiri ilé ìgbẹ̀bí náà lórí pákó tí a tẹ́ sókè. Mo rí i tó dáwọ́ dúró. Ó yíjú sápá oko àgbàdo, níbi tí kò sí ẹnì kankan, ó tẹ́tí. Lẹ́yìn náà, ó di ẹnu pọ̀ gírígírí, ó mi orí, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Pákó náà kán sí méjì lábẹ́ rẹ̀. Ìgbànú tó dè kò jẹ́ kó fi orí gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó fì í lu ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì sì dá. Bí a ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Pobè, ó di apá mi mú.

"Ó pè mí, ọ̀gá. 'Àkànní, dákun, sọ̀ kalẹ̀.' Ó ń bẹ̀ mí ni. Mi ò dá a lóhùn."

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, mo gun alùpùpù mi, ó di Sakété. Lydie ń sá aṣọ ìjọ wọn funfun sórí okùn nígbà tí mo wọlé. Ó fi aṣọ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sinmi.

"Ẹ̀gbọ́n Hospice, mo ti ń wá ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Màmá sọ̀rọ̀."

"Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mò ń fún un ní ògì mu, agogo mẹ́sàn-án ti lù. Ó gbé orí sókè, ó ní, 'Àjàní, oúnjẹ ń tutù o.' Ó já geere bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá. Lọ́jọ́bọ̀, ó pe Àkànní, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ta ni Àkànní, ẹ̀gbọ́n?"

Mo sọ fún un. Kò pariwo. Ó kàn fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì mú mi wọlé lọ bá ìyá rẹ̀.

Màmá ti rù. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò yí padà. Ó wò mí bí ìgbà tí mo bá pẹ́ dé ibi oúnjẹ. Lydie ká aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ wo ìyí. Mò ń wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́."

Amọ̀ dúdú ló wà láàárín ìka ẹsẹ̀ Màmá, ó sì tutù. Ilẹ̀ Sakété pupa fòò. Láti etí ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé, ẹ kò ní rí amọ̀ dúdú níbẹ̀. Obìnrin yìí kò sì tíì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láti ìgbà Àjíǹde.

"Bó bá pe ènìyàn báyìí," Lydie sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "á sùn fún odindi ọjọ́ kan. Bó bá jí, á tún rẹ̀ ẹ́ ju ti àná lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò lọ lọ́jọ́ kan, kò ní lè padà."

Mo bu omi, mo mú aṣọ, mo fi ọwọ́ ara mi nu ẹsẹ̀ náà. Mo ní, "Màmá, ẹ sinmi. Èmi á máa ṣọ́ wọn." Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tẹ ọwọ́ mi. N kò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́.

Mo sọ ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé Màmá ló ń pè wá, pé ẹni tó bá gbọ́ ọ kó tètè jẹ́ ẹ. Àwọn tó ti jẹun rẹ̀ rí kò jiyàn. Gaël nìkan ló rẹ́rìn-ín, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà tí wọ́n rán wá láti Kùtọnu. Láti ọjọ́ náà, kò sí pákó tí n kò tẹ̀ wò, kò sí okùn tí n kò fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ohùn kankan kò pè wá. Inú mi dùn pé Màmá ń sinmi.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀. Ó kù ọ̀la kí a da sìmẹ́ńtì sórí ilé, òrùlé pẹlẹbẹ tí à ń pè ní dáàlì. Wọ́n kó ogójì igi tuntun dé ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tí yóò gbé òrùlé náà dúró títí yóò fi gan. Òjò ti ṣú lápá Towé, Gaël sì ń kánjú. Mo fi òòlù lu mẹ́wàá nínú àwọn igi náà wò, wọ́n dún dáadáa. Mo fọwọ́ sí ìwé fún gbogbo ogójì.

Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà lórí òrùlé náà, a ti da sìmẹ́ńtì kọjá ìdajì. Afẹ́fẹ́ dúró. Ẹ̀rọ tó ń po sìmẹ́ńtì ṣì ń yí nísàlẹ̀, mo rí i, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́. Òórùn ata díndín gba gbogbo òkè náà kan. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà dé. Kò ti oko wá lọ́tẹ̀ yìí. Ìsàlẹ̀ wa gan-an ló ti wá, bí ẹni pé ó dúró láàárín àwọn igi náà.

"Àjàní! Àdìgún! Àkànbí! Àlàó! Gbogbo yín pátá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun!"

Gbogbo wa gbọ́ ọ. Mo kígbe pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí ní ìdí. Gaël náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n bó ti tẹlẹ̀ ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í.

"Ọ̀gá Hospice, sìmẹ́ńtì á gan! Gbogbo iṣẹ́ yìí á bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká padà lọ."

A dúró. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kọjá, ó di méjì. Ẹyẹ kan bà sórí òrùlé náà, ó sì fò lọ. Gaël di àkàbà mú, mo di òun náà mú ní apá. Ibi tí a ti ń fa ara wa ni a ti gbọ́ igi kan tó ké, kò le ju bí ènìyàn ṣe ń dá egungun adìyẹ lọ. Òmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, gbogbo òrùlé náà wó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, eruku bo ojú ọ̀run.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, mo ka àwọn ènìyàn mi lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n pé. Mo mú èérún igi kan. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, èèpo lásán ló kù. Gaël jókòó lórí bíríkì, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ọ̀gá Augustin dé láti Pobè láìpẹ́. Ó wo igi náà, ó ní kí gbogbo iṣẹ́ wa dúró, láti Igana dé Towé, títí a ó fi yẹ igi wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó bi mí pé, "Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Èmi ni."

Mo sọ fún un pé ohùn Màmá ló pè wá kalẹ̀. Òun náà ti jẹ oúnjẹ Màmá láti kékeré. "Kọ́kọ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá dé, a ó sọ ìyókù."

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí mo dé Sakété. Àwọn obìnrin ìjọ wọn kún àgbàlá nínú aṣọ funfun, wọ́n ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Lydie jáde wá pàdé mi.

"Mo pè yín títí lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n. Màmá ti lọ."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó ti lo agbára rẹ̀ tán lórí wa ni. Agogo mẹ́wàá ló pè wá, Lydie. Gbogbo wa ni ì bá kú."

Lydie tẹjú mọ́ mi. "Agogo mẹ́wàá kẹ̀? Kùtùkùtù ni Màmá ti lọ. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Ó jí, ó ní, 'Jẹ́ n tètè lọ, àwọn ọmọ yẹn ti fẹ́ gòkè.' Mo ní, 'Ibo lẹ̀ ń lọ, Màmá?' Kò mí mọ́."

Ó bojú wo àwọn obìnrin tó ń kọrin. Lẹ́yìn náà, ó tún sún mọ́ mi. "Nǹkan kan tún wà. Ojú rẹ̀ kọ̀, kò pa dé. Láti àárọ̀ ni a ti ń pa á dé, á tún là. Ẹ wọlé wá sọ fún un."

Wọ́n ti wọ aṣọ funfun fún un. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo òkè. Mo kúnlẹ̀, mo fi ẹnu sí etí rẹ̀ tó ti tutù. Mo ní, "Màmá, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀." Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí Pacôme títí dé orí Gaël. Mo dárúkọ mẹ́rìnlá. Mo gbé orí sókè, mo wò ó. Ojú náà kò pa dé.

Lydie fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

N kò tíì ka ara mi mọ́ wọn. Mo tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Èmi náà ti sọ̀ kalẹ̀, Màmá."

Ìpéǹpéjú rẹ̀ rọra wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bíi ti ẹni tí oorun ń kùn, wọ́n sì pa dé. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sí nítòsí wọn.