Ògiri Tó Ń Dáhùn Ìpè

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ fọwọ́ kan ògiri náà. Kó mú ọṣẹ dání.

Abẹ́ ilé alájà mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀bù obìnrin aránṣọ kan wà. Kọnkéré ibẹ̀ nípọn. Nẹ́tíwọọ̀kì kì í wọlé. Àlàáfíà ni obìnrin náà ka èyí sí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wà ní ọsibítù tí kò jìnnà, dókítà sì ní òun máa pè é lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Tí wọn ò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ pé kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọn ò ní ṣe é. Ikú ò sì ní dúró de nẹ́tíwọọ̀kì. Aṣọ ìyàwó wà lórí ẹ̀rọ, kò lè lọ jókòó sí títì.

Ó bá pe Alákàbà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fa nẹ́tíwọọ̀kì wọ ilé onílé. Eríà kan, ọ̀pá tó ń gba nẹ́tíwọọ̀kì, á wà níta, á máa gbọ́. Ìkejì á wà nínú, á máa sọ ọ́ jáde. Èèwọ̀ iṣẹ́ náà ò ju ẹyọ kan lọ: àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn ara wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀kan á máa gbé ohun tí ìkejì bì mì.

Wáyà Alákàbà ò dé òrùlé. Ó ki eríà ìta bọ ihò àtijọ́ kan nínú ògiri.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò súnmọ́ra jù?”

“Àǹtí, kọnkéré yìí le ju orí àna mi lọ. Wọn ò lè gbọ́ra.”

Ó tan iná sí i. Nẹ́tíwọọ̀kì kún fọ́fọ́. Fóònù ò dún. Ògiri ló dún.

Ó ń jẹ nǹkan. Jíjẹ tútù, bí ẹni tí kò léyín tó ń jẹ ọ̀rá. Pọ̀ṣà. Pọ̀ṣà.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ ń jẹun?”

“Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀.” Alákàbà gbọ́ ọ díẹ̀ sí i. “Mi ò sì ní jẹ mọ́.”

Ó pa iná. Nẹ́tíwọọ̀kì ṣì kún. Ó fa wáyà jáde nínú ihò. Wáyà gbóná. Rọ́bà ara rẹ̀ ti bó, wọ́n ti lá a mọ́ bí eegun. Itọ́ kan fà tẹ̀lé e, ó nípọn, ó ń rùn bí ẹnu àárọ̀, kò sì já. Alákàbà nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Ó wá ń wo ṣòkòtò náà bíi pé ti ẹlòmíì ni.

Aránṣọ sáré gun àtẹ̀gùn jáde sí títì. Ó pe ọsibítù.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, mo fọwọ́ sí i. Ẹ ṣiṣẹ́ abẹ náà.”

“Àǹtí, ṣebí a ti jọ sọ̀rọ̀ tán? Mo pè, ẹ sì dáhùn.”

“Èmi kọ́.”

“Ohùn yín ni. Ẹ kàn ń jẹun lọ́wọ́ ni. Ẹ ní ká má fi ọ̀bẹ kan wọ́n. Ẹ ní odindi lẹ fẹ́. Ká gbé wọn wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù.”

“Níbo ni ìyá mi wà?”

“Ọkọ̀ ti gbé wọn. Wọ́n á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín.”

Fèrè ọkọ̀ ọsibítù dún ní ìkóríta. Lábẹ́ àtẹ̀gùn, jíjẹ náà dáwọ́ dúró.

Ògiri gbé itọ́ mì.