Apẹ̀rẹ̀ Búrẹ́dì Cornelius

"Má bojú wẹ̀yìn, máa lọ!" Sùwéébátù ń pariwo bí ẹni pé ọmọbìnrin inú sinimá náà lè gbọ́ ọ. Ọ̀sán Sátidé ni, ilé sinimá tó wà ní Adum nílùú Kumasi sì kún fọ́fọ́. Ìtàn àwọn ará Áyálándì tó ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà ni wọ́n ń wò. Ọmọbìnrin náà fi àdó olóró sábẹ́ búrẹ́dì nínú apẹ̀rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí àwọn ṣójà, wọ́n sì jẹ́ kó kọjá. Nígbà tí àgọ́ ọlọ́pàá fọ́ yángá, gbogbo èrò pàtẹ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe jáde, Cornelius, ẹ̀gbọ́n Georgina ọ̀rẹ́ rẹ̀, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́dún 1955 yẹn, ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ti da Kumasi rú, àwọn aládùúgbò kò sì kí ara wọn mọ́.

"Sùwé, ṣé o rí i? Kò sẹ́ni tó ń tú ẹrù ọmọbìnrin wò. Bá mi gbé apẹ̀rẹ̀ kan fún Kwaku ọ̀rẹ́ mi ní Ashanti New Town lọ́túnla."

"Kí ló wà nínú ẹ̀, Bra Cornelius?"

"Búrẹ́dì ni." Ó ṣẹ́jú sí i.

Sùwéébátù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mọ̀ pé kì í ṣe búrẹ́dì lásán, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wú. Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé e kọjá níwájú ọlọ́pàá méjì, ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó sì fà á lé Kwaku lọ́wọ́.

Kò tíì délé tí ilẹ̀ fi mì tìtì. Ó sáré padà. Wọ́n ti ju dáínámáìtì sílé káfíńtà kan tó ń ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń bá ti Cornelius jà. Káfíńtà kò sí nílé. Akua ọmọ rẹ̀, tó ń bá Sùwéébátù jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní kíláàsì, ló wà nílẹ̀ láàárín páànù àti ẹ̀jẹ̀.

"Agyei! Sùwé, ẹsẹ̀ mi dà?"

 Kò sẹ́ni tó ké báyìí nínú sinimá.

Sùwéébátù sáré lọ sí ìsọ̀ Bákàrè bàbá rẹ̀, ó wólẹ̀, ó jẹ́wọ́. Aṣọ tí bàbá ń ká já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Asitagafurulai! Ìwọ, Sùwéébátù?"

"Bàbá, ẹ dákun, Yorùbá ni wá, àlejò ni wá níbí, wọ́n á lé wa kúrò nílùú."

"Kí wọ́n lé wa. Dìde, ká lọ bá ọlọ́pàá."

Cornelius àti Kwaku lọ sẹ́wọ̀n. Ọlọ́pàá dá Sùwéébátù sílẹ̀ torí pé ó jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n iléèwé lé e. Ojoojúmọ́ ló ń lọ sí ọsibítù, Akua kì í wò ó. Oṣù kẹta ni Akua tó wojú rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé mo wà nílé?"

"Mi ò béèrè ẹni tó wà nílé," ni Sùwéébátù dáhùn, ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ béèrè. Àwọn tó ń ṣe sinimá lè pa iná kí ẹ má rí ẹni tó fara gbá a. Ẹni tó bá gbé ẹrù náà ni yóò rí i, kò sì ní lè gbàgbé.