Àmì Ṣọ́ọ̀kì Lábẹ́ Ọkọ̀ Àyàndélé

Fììì! Ìró ṣọ́ọ̀kì lára irin ni Ìnsípẹ́tọ̀ Oyèdèjì kọ́kọ́ rántí nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ní Ìwó. Láyé àtijọ́, òun àti àbúrò rẹ̀, Olútáyọ̀, jọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ Bàbá Ògúnbáyọ̀. Kò sí nọ́ọ̀tì tí ẹnikẹ́ni yóò tú níbẹ̀ kó má fi ṣọ́ọ̀kì ya àmì tirẹ̀ sí i, kí Bàbá lè mọ ọwọ́ tó kàn án kẹ́yìn. Oyèdèjì lọ ṣe ọlọ́pàá, Olútáyọ̀ dúró.

Ní ọdún 1956 yìí, pikọ́ọ̀pù Àyàndélé já sí kòtò lọ́nà Olúpọ̀nnà, Àyàndélé kú. Wọ́n ní Bàbá ló ba ọkọ̀ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n sì ti í mọ́lé. Okùn ló ń dúró dè é.

Oyèdèjì dọ̀bálẹ̀ fún un nínú àtìmọ́lé, tòun ti yúnífọ́ọ̀mù.

"Dìde, ọ̀gá ọlọ́pàá, má ba ṣòkòtò ìjọba jẹ́."

"Kí lẹ ṣe sí mọ́tò náà, sà?"

"Kòkó ló ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, imú rẹ̀ wá ń wo ọ̀run. Àyàndélé ní kí n rẹ iwájú sílẹ̀. Ìwọ náà mọ irin gígùn méjì tó gbé iwájú ró, tá a lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Tó o bá dẹ̀ wọ́n, iwájú á wálẹ̀. Mo dẹ méjèèjì díẹ̀, lọ́gbọọgba."

Oyèdèjì wọ abẹ́ ọkọ̀. Àmì Bàbá, ìlà gbọọrọ kan, wà lára irin ọ̀tún. Ti òsì ti dẹ̀ kọjá ààlà, mọ́gáàdì, irin tó bo táyà, sì ti jẹ táyà náà títí ó fi bẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà Bàbá níbẹ̀, àmì mìíràn wà, ó tẹ̀ bí oṣù tuntun. Ó pẹ́ kó tó jáde.

"Ta ló sún mọ́ ọkọ̀ náà lẹ́yìn Bàbá?" ó bi Lydia, ìyàwó ọ̀ṣìngín tí olóògbé fi sílẹ̀.

"Àbúrò yín nìkan ni. Ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá iwájú wálẹ̀ dáadáa. Mo tiẹ̀ gbé oúnjẹ fún un."

Ní ṣọ́ọ̀bù, Olútáyọ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ mà ti sanra bí òyìnbó!"

"Táyọ̀, gba ṣọ́ọ̀kì yìí. Ya àmì rẹ fún mi."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Àjèjì ì bá má sàmì rárá," ni Oyèdèjì wí. "Ìlà gbọọrọ ni ti Bàbá, àgbélébùú ni tèmi, ìwọ lo máa ń ya oṣù. O dẹ irin òsì, ọwọ́ rẹ sì sàmì kó o tó rántí pé iṣẹ́ ibi lo wá ṣe."

"Mi ò ní kó kú! Mo fẹ́ kí táyà bẹ́ lójú ọjà ni, kí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú Lydia. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí Lydia, ẹ̀gbọ́n."

"O sì jẹ oúnjẹ rẹ̀."

Olútáyọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣọ́ọ̀kì lásán ni. Ẹ fi aṣọ nù ún. Bàbá ti dàgbà, kí ló kù tó fẹ́ ṣe láyé?"

Oyèdèjì wo àpótí tí Bàbá máa ń jókòó lé, tó ṣófo. Ó ní, "Na ọwọ́ rẹ."

Ìyá wọn wà ní Kánò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin. "Tọ́jú àbúrò rẹ" ni ọ̀rọ̀ tí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ní ilé ìfìwéránṣẹ́, Oyèdèjì ń kọ, ó ń fà á ya. Wáyà tó wá fi ránṣẹ́ níkẹyìn nìyí:

"Màmá, Táyọ̀ ló ṣe é. Èmi ni mo mú un. Ẹ má dá nìkan sunkún, mò ń bọ̀."